Ọkọ̀ Eré Ìje Méjì Tí Ìgbà Ọ̀wọ́n Bí: Healey Silverstone àti Frazer Nash Le Mans Replica

Ní ọdún 1949, ogun àgbáyé kejì ti parí láti ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ kò tíì kúrò lára àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní ọdún náà gan-an, ilé iṣẹ́ kékeré méjì ní ilẹ̀ náà ń ṣe ọkọ̀ tí kò lè ru ẹrù, tí kò lè gba ìdílé, tí ènìyàn méjì péré lè jókòó sínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é: kí ó sáré. Ọ̀kan ń jẹ́ Healey Silverstone. Èkejì ń jẹ́ Frazer Nash Le Mans Replica.

Mọ́kàndínlógóje ni gbogbo wọn: 105 ni wọ́n ṣe nínú ti àkọ́kọ́, 34 péré ni wọ́n ṣe nínú èkejì. Lónìí, àwọn tí ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ń wá wọn bí ẹni ń wá iyùn. Ẹni tí ó bá fi àwọn méjèèjì wé ara wọn yóò rí i pé ìṣòro kan náà ni wọ́n dojú kọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ nínú rẹ̀ kò jọra rárá. Ọ̀kan fi ọgbọ́n dín owó kù. Èkejì kò ka owó sí, ohun tí ó dára jù lọ ni ó ń wá.

Ilẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn

Ogun ti sọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di onígbèsè. Ní oṣù kejìlá ọdún 1945, ìjọba rẹ̀ yá owó ńlá lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ó sì di ìparí ọdún 2006 kí wọ́n tó san gbèsè náà tán. Oúnjẹ pàápàá, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pín in. Láti ọdún 1946 dé 1948, ẹnikẹ́ni kò lè ra búrẹ́dì kọjá iye tí ìjọba là sílẹ̀ fún un. Epo mọ́tò náà, ìwọ̀n ni. Oṣù karùn-ún ọdún 1950 ni ìjọba tó dá epo sílẹ̀ kí olúkúlùkù máa rà á bí ó ti fẹ́.

Irin tí wọ́n fi ń ṣe mọ́tò wà ní ìkáwọ́ ìjọba pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ń ta ọjà rẹ̀ sí òkè òkun ni ó ń rí irin gbà, nítorí pé owó òkè òkun ni ilẹ̀ náà nílò láti san gbèsè. Ilé iṣẹ́ tí kò bá rí ọjà tà lẹ́yìn odi kò lè retí pé irin yóò dé ẹnu ọ̀nà òun.

Lẹ́yìn èyí ni owó orí tún wà. Bí iye tí a dá lé ọkọ̀ kan kò bá kọjá pọ́n-ùn 1,000, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ìjọba ń gbà lé e. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1947, bí ó bá ti kọjá 1,000, owó orí náà di ìlọ́po méjì: ìdá méjì nínú mẹ́ta. Pọ́n-ùn díẹ̀ lè sọ ọkọ̀ tí ènìyàn lè rà di ọkọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó.

Ibi tí wọn yóò ti sáré gan-an di ìṣòro. Òfin kò fàyè gba eré ìje mọ́tò lójú títì ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Brooklands, pápá eré ìje tí ó lókìkí jù lọ kí ogun tó dé, ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú, kò sì padà di pápá eré ìje mọ́. Ohun tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ náà lẹ́yìn ogun ni pápákọ̀ òfúrufú tí àwọn ọmọ ogun ti fi sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́bàá abúlé tí ń jẹ́ Silverstone. Láti ọdún 1943 ni àwọn awakọ̀ òfúrufú ti ń kọ́ bí a ti ń fi ọkọ̀ Wellington ju bọ́ǹbù níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1948, eré ìje mọ́tò ńlá àkọ́kọ́ wáyé lórí pápá náà. Ibi tí ọkọ̀ ogun ti ń gbéra di ibi tí mọ́tò ti ń fò.

Donald Healey àti ọgbọ́n pọ́n-ùn 975

Ọmọ agbègbè Cornwall ni Donald Healey. Ọdún 1898 ni wọ́n bí i. Ó wa ọkọ̀ òfúrufú nínú ogun àgbáyé kìíní. Lẹ́yìn náà ó di awakọ̀ eré ìje, ó sì gba ipò kìíní nínú eré Monte Carlo ní ọdún 1931. Nígbà tí ogun kejì parí, ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, kò sì ní owó púpọ̀. Síbẹ̀ ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Warwick pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà kò ní agbára láti ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Healey fi ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ Riley, ilé iṣẹ́ mọ́tò tí ó ti pẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà ní sílíńdà mẹ́rin, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,443 cc. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí Healey ṣe dára, wọ́n sì sáré, ṣùgbọ́n owó wọn wọ́n. Nígbà tí owó orí tuntun dé, ó rí i pé bí òun kò bá wá ọgbọ́n kan dá, ọjà yóò kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọgbọ́n náà ni Silverstone, tí ó jáde ní ọdún 1949. Healey bọ́ gbogbo ohun tí kò pọn dandan kúrò lára ọkọ̀ náà. Ó dá iye rẹ̀ lé pọ́n-ùn 975 kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni ó fi yẹra fún ẹnu ìdẹkùn ìjọba. Orúkọ pápá tí gbogbo olólùfẹ́ eré ìje ń sọ nígbà náà ni ó sì fi pè é.

Ìrísí ọkọ̀ náà fi bí wọ́n ti ń ṣọ́ owó ná hàn. Táyà iwájú wà ní ìta gbangba, mọ́gáàdì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó bò wọ́n. Iná iwájú méjèèjì kò yọ síta. Ẹ̀yìn irin asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ohun tí yóò dì mú. Gíláàsì iwájú ṣeé tẹ̀ wọlé sísàlẹ̀ bí ẹni ti nǹkan bọ àpò. Ibi tí ó pani lẹ́rìn-ín jù ni ìdí ọkọ̀. Wọ́n la ihò gbọọrọ sí ibẹ̀, wọ́n sì ti táyà àpamọ́ bọ̀ ọ́ ní ìdùbúlẹ̀, ó wá yọrí síta díẹ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọ lu Silverstone láti ẹ̀yìn, táyà náà ni yóò kọ́kọ́ gba ìpalára. Báyìí ni Healey ṣe fi táyà kan ṣe iṣẹ́ méjì, tí kò sì náwó sórí bọ́ńpà.

Ìmọ̀ tí ó ti Jámánì wá

Ìtàn ọkọ̀ kejì gùn ju èyí lọ. Ní àwọn ọdún 1920, Archibald Frazer-Nash bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ eré ìje kéékèèké tí ṣéènì ń yí ẹsẹ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí ti alùpùpù. Ní ọdún 1929, ilé iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Aldington. H. J. Aldington ni ó ṣíwájú wọn. Isleworth, ní ìwọ̀-oòrùn London, ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Frazer-Nash fúnra rẹ̀ lọ dojú kọ iṣẹ́ mìíràn. Òun ni ó ṣe ilé ìbọn tí ń yí po lára ọkọ̀ òfúrufú ogun, irú èyí tí ó wà lára àwọn Wellington tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ ní Silverstone.

Kí ogun tó dé, àwọn Aldington ti ń ra ọkọ̀ BMW láti Jámánì, wọ́n sì ń tà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ Frazer Nash-BMW. Èyí tí ó dára jù nínú wọn ni BMW 328. Irú ọkọ̀ yìí ni ó gba ipò kìíní nínú eré Mille Miglia ní Ítálì ní ọdún 1940, nígbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù.

Ní ọdún 1945, H. J. Aldington padà lọ sí ìlú Munich, ó sì bá ilé iṣẹ́ BMW ní ahoro. Ó kó ìwé àwòrán ẹ́ńjìnnì 328 wá sílé. Lẹ́yìn náà, Fritz Fiedler, ẹni tí ó jẹ́ àgbà láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ BMW, wá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àkókò yìí kan náà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Bristol ń wá iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò máa ṣe, nítorí pé ìjọba kò ní ra ọkọ̀ ogun púpọ̀ mọ́. Bristol gba ìwé náà, ó sì ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn lákọ̀tun pẹ̀lú irin tí ó dára jù àti ọwọ́ tí ó ti mọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú lára. Aldington wá ń ra ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ Bristol láti fi sínú ọkọ̀ Frazer Nash.

Ẹni tí ó bá rò ó jinlẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Orílẹ̀-èdè méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ara wọn lọ́mọ tán fún ọdún mẹ́fà ni. Kò tíì pẹ́ tí ogun tán tí ọgbọ́n orí àwọn ará Jámánì àti ọgbọ́n ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pàdé nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Wákàtí mẹ́rìnlélógún ní Le Mans

Eré ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé jẹ́ eré tí wọ́n ń fi wákàtí 24 sá, tọ̀sán-tòru. Ogun dá a dúró lẹ́yìn ti ọdún 1939. Oṣù kẹfà ọdún 1949 ni wọ́n tó tún un ṣe. Ọkọ̀ Ferrari ni ó gba ipò kìíní. Luigi Chinetti sì ni ó wà á fún èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wákàtí náà. Ọkọ̀ Delage ti ilẹ̀ Faransé ni ó ṣe ipò kejì. Ẹni kẹta ni ó ya ènìyàn lẹ́nu: Frazer Nash kékeré kan, tí Norman Culpan àti H. J. Aldington jọ wà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó jókòó sídìí ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni Aldington yí orúkọ ọkọ̀ náà padà sí Le Mans Replica. Ìtumọ̀ "Replica" ni ẹ̀dà. Ohun tí orúkọ náà ń sọ fún òǹrajà ni pé ọkọ̀ tí yóò gbà kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ṣe ipò kẹta ní Le Mans. Ó lè wà á jáde láti ilé iṣẹ́ ní Isleworth, kí ó gba ojú títì lọ sí pápá eré ìje, kí ó sáré níbẹ̀, kí ó sì tún wà á padà sílé.

Ẹrù àti agbára

Bí a bá gbé àwọn ọkọ̀ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ìyàtọ̀ wọn yóò hàn kedere.

Ẹ́ńjìnnì Silverstone tóbi jù: 2,443 cc, sílíńdà mẹ́rin. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 104. Ẹ́ńjìnnì Frazer Nash kéré sí i: 1,971 cc, sílíńdà mẹ́fà. Síbẹ̀ agbára tirẹ̀ tó ti ẹṣin 120. Ohun tí ó fà á ni bí wọ́n ti ṣe orí ẹ́ńjìnnì náà. Kabúrétọ̀ mẹ́ta ni ó jókòó lókè rẹ̀, tí wọ́n ń da epo àti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀. Inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan rí róbótó lókè bí ìdajì ìgbá, àwọn fáfù sì fẹ̀gbẹ́ sí apá ọ̀tún àti òsì. Èyí jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà wọlé, kí èéfín sì rí ọ̀nà jáde láìsí ìdíwọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ń mí dáadáa ni ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ni ó tún le jù. Silverstone wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 940. Frazer Nash wọn nǹkan bí 650. Bí a bá pín ẹrù náà fún àwọn ẹṣin, ẹṣin kọ̀ọ̀kan nínú Silverstone yóò ru kìlógíráàmù 9. Nínú Frazer Nash, kìlógíráàmù tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan yóò ru kò tó 6. Alábàárù tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dé ọjà.

Níti eré sísá ní ojú ọ̀nà gbọọrọ, àwọn méjèèjì lè sá tó kìlómítà 175 ní wákàtí kan. Ìyàtọ̀ wọn wà ní ibi tí ọ̀nà bá ti ń yí, tàbí tí ó ń gun òkè. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ ti ń tètè dúró, tí ó ń tètè yí, tí ó sì ń tètè gbéra.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n mìíràn tún wà, òun ni àpò òǹrajà. Bí wọ́n bá ti ka owó orí mọ́ ọn, Frazer Nash lé ní pọ́n-ùn 3,000. Ẹni tí ó bá ní iye owó bẹ́ẹ̀ lè ra Silverstone méjì, kí ó sì tún rí ṣẹ́ǹjì gbà. Òṣìṣẹ́ tí ó rí owó díẹ̀ tọ́jú lè fojú sun Silverstone. Frazer Nash jẹ́ ti ọlọ́rọ̀, tàbí ti ẹni tí ọlọ́rọ̀ yá ní ọkọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n pàdé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, àwọn méjèèjì pàdé ní pápá Silverstone nínú eré ìje wákàtí kan fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún ará ìlú. Norman Culpan wa Frazer Nash, ó ṣe ipò kẹta. Tony Rolt wa Healey Silverstone, ó tẹ̀ lé e ní ipò kẹrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò ẹgbẹ́, tí wọ́n ka gbogbo ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, ẹgbẹ́ Healey ni ó gba ẹ̀bùn. Ọkọ̀ tí ó yá jù lọ kọ́ ni ó fún Healey ní ẹ̀bùn náà. Àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n sáré dọ́gba dọ́gba ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́jọ́ náà tí ó yẹ kí ó kó ìpayà bá Healey àti Aldington. Jaguar XK120 ni ó ṣe ipò kìíní àti ipò kejì. Ilé iṣẹ́ ńlá ni Jaguar, ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì náà sì tó ti ẹṣin 160. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ dán. Iye tí wọ́n dá lé e kí owó orí tó wọ̀ ọ́ jẹ́ pọ́n-ùn 998. Jaguar náà mọ ọgbọ́n yíyẹra fún ìdẹkùn 1,000. Lápapọ̀, wọ́n ṣe XK120 tí ó lé ní 12,000. Nígbà tí erin bá wọ inú oko, kò sí ohun tí ìgalà méjì tí ń du ewé lè ṣe.

Òkìkí tí ó kọjá òkun

Bí ó ti wù kí ó rí, Frazer Nash kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1951, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Stirling Moss, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22, fi Le Mans Replica gba ife British Empire Trophy ní erékùṣù Man, níbi tí òfin ti fàyè gba eré ìje lójú títì.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Franco Cortese, ará Ítálì, wa Le Mans Replica nínú eré Targa Florio ní erékùṣù Sísílì. Ọ̀nà òkè tóóró ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ó kún fún kọ́nà, àwọn abúlé sì wà létí rẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ ń fẹ́. Cortese gba ipò kìíní. Láti ọdún 1906 ni wọ́n ti ń sá eré Targa Florio, kò sì sí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí ó tíì gba ipò kìíní rí nínú rẹ̀, yálà ṣáájú ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1952, wọ́n sá eré ìje wákàtí 12 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Sebring, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Pápákọ̀ òfúrufú ológun àtijọ́ ni ibẹ̀ pẹ̀lú. Harry Gray àti Larry Kulok fi Le Mans Replica gba ipò kìíní.

Silverstone kò ní irú ìṣẹ́gun ńláńlá báyìí. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀: òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí wọn kò ní ọ̀nà mìíràn láti wọlé. Àpẹẹrẹ kan ni Tony Brooks, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ oníṣègùn eyín. Ní ọdún 1952, ó bẹ̀rẹ̀ eré ìje pẹ̀lú Healey Silverstone kan tí ó jẹ́ ti ìdílé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí bí ó ti ń wakọ̀, ẹnì kan tí ó ní Frazer Nash Le Mans Replica yọ̀ǹda tirẹ̀ fún un láti máa fi sáré. Ní ọdún 1955, nígbà tí kò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, Brooks wa ọkọ̀ Connaught nínú eré Grand Prix ní Syracuse, ní Sísílì, ó sì gba ipò kìíní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àwọn ọdún 1920 tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí nínú eré Grand Prix. Ìgbésí ayé Brooks fi ipò àwọn ọkọ̀ méjèèjì hàn: Healey ni ó fi kọ́ ìrìn, Frazer Nash ni ó fi kọ́ eré.

Bí ọ̀nà wọn ti yà

Ìparí ọdún 1949 ni Donald Healey wọ ọkọ̀ ojú omi Queen Elizabeth lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì Cadillac tí ó lágbára ni ó ń wá lọ. Briggs Cunningham, olówó kan tí ó fẹ́ràn eré ìje, ti fi irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sínú Silverstone tirẹ̀, ó sì ti ń dára. Nínú ọkọ̀ ojú omi náà ni Healey ti pàdé George Mason, ọ̀gá ilé iṣẹ́ mọ́tò Nash. Cadillac kò rí ẹ́ńjìnnì fún Healey, ṣùgbọ́n Mason rí i. Báyìí ni ọkọ̀ Nash-Healey ṣe bẹ̀rẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ Silverstone ni wọ́n ti gbé èyí àkọ́kọ́ kalẹ̀, ó sì ṣe ipò kẹrin ní Le Mans ní ọdún 1950.

Ilé iṣẹ́ Warwick kò láyè tó láti ṣe oríṣi méjì pọ̀. Ní ọdún 1950 náà ni wọ́n dá Silverstone dúró kí wọ́n lè ráyè fún ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi owó wọn rà. Ní ọdún 1952, Healey fi ọkọ̀ tuntun hàn ní London. Ilé iṣẹ́ ńlá Austin fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ó sì di Austin-Healey, tí wọ́n ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ó sì sọ orúkọ Healey di mímọ̀ kárí ayé.

Aldington kò gba ọ̀nà yìí. Ó ń ṣe ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣe é, ó ń tà á ní owó gọbọi. Lẹ́yìn ogun, gbogbo ọkọ̀ Frazer Nash tí wọ́n ṣe, oríṣi gbogbo, kò ju nǹkan bí 85 lọ. Nígbà tí ọkọ̀ eré ìje olówó pọ́ọ́kú gba ọjà, àwọn òǹrajà rẹ̀ tán. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Isleworth bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ Porsche wọlé láti Jámánì. Ní ọdún 1957, ó ṣíwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ tirẹ̀. Ìdílé tí ó ti ń ta ọkọ̀ Jámánì kí ogun tó dé padà sídìí òwò náà.

Ojúlówó àti ayédèrú

Lónìí, àwọn ọkọ̀ méjèèjì ṣì ń sáré níbi ìpàdé àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, bí èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Goodwood. Iye owó wọn ti yí padà, ṣùgbọ́n ipò wọn kò yí: Frazer Nash ṣì ni ó wọ́n jù.

Níbi tí owó bá ti pọ̀, ẹ̀tàn kì í jìnnà. Ara àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò díjú: irin tí wọ́n jó pọ̀, pánù tí wọ́n fi òòlù lù, mọ́gáàdì mẹ́rin. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ lè ṣe òmíràn tí ojú lásán kò ní mọ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ "Replica" wá ní ìtumọ̀ méjì tí ó takora. Nígbà tí Aldington lò ó, ìlérí ni: ọkọ̀ yìí jẹ́ ojúlówó bíi ti Le Mans. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ènìyàn fi ń pe ọkọ̀ tí kì í ṣe ojúlówó.

Fún ìdí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn kì í kọ́kọ́ wo bí ó ti ń dán. Ìwé ni ó ń béèrè. Ó ń wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ìpìlẹ̀ ọkọ̀ náà, ó ń wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ó ń fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ àti orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti ní in rí. Bí àkọsílẹ̀ náà bá pé láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni ìkẹyìn, ọkọ̀ tí ó ti dípẹtà pàápàá lè níye lórí ju èyí tí ó ń kọ mànà lọ. Bí kò bá sí ìwé, ẹnu ni a ó fi gba ẹ̀rí, ẹnu sì lè purọ́.

Èwo ni ó dára jù?

Bí ó bá jẹ́ ti eré sísá ni, Frazer Nash ni. Le Mans, Targa Florio àti Sebring jẹ́rìí sí i, kò sì sí ohun tí Silverstone lè fi dá a lóhùn. Ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ fúyẹ́, ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ìlò ọgbọ́n ní ìgbà ìnira ni, Silverstone ni ó borí. Aldington bá ẹ́ńjìnnì tí ó dára jù lọ pàdé, ó sì wá àwọn díẹ̀ tí ó lè san owó rẹ̀. Healey mú ẹ́ńjìnnì tí ó wà nílẹ̀, ó mú òfin owó orí bí ó ti rí, ó sì ṣe ọkọ̀ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí ayé tún yí, ẹni tí ó ti mọ bí a ti ń fi díẹ̀ ṣe púpọ̀ ni ó rí ọ̀nà gbà kọjá. Ọkọ̀ Frazer Nash gba ife púpọ̀ jù. Orúkọ Healey ni ó pẹ́ jù lórí ọjà.

105 àti 34. Iye náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú wọn ni a ti lè ka bí àwọn ènìyàn ilẹ̀ kan tí ogun ti sọ di aláìní ṣe kọ̀ láti jẹ́ kí àìní gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ.